Mo Túmọ̀ Ọ̀rọ̀ Tíṣà Dwomoh, Ilé Àbúrò Mi sì Tú

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi Ṣẹ̀rífù, mo mu oògùn náà débi tó fi ń pa mí bí ọtí, bẹ́ẹ̀ mi ò fẹnu kan ọtí rí láyé mi. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ fún yín ohun tí mo ṣe, torí àwọn ará Aboabo ṣì ń sọ ọ́, wọn kì í sì í sọ ọ́ sí rere.

Ìlú Kùmásì ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Dichemso, nítòsí Aboabo tí àwa Yorùbá ń gbé, mo sì gbọ́ Twi bí ẹni tó mu ún lọ́mú. Bí Àṣáńtì àti Yorùbá bá ní ọ̀rọ̀ tó nípọn láti bá ara wọn sọ, èmi ni wọ́n ń pè kí n wá dúró sáàárín.

Ọdún 1954 ni. Ìdìbò sí ìgbìmọ̀ ìlú ń bọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ ṣojú àdúgbò wa sì ni Alfred Dwomoh, tíṣà kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ìgbàgbọ́ paraku. Lọ́jọ́ Àìkú, a máa wàásù. Lọ́jọ́ Ajé, a máa kọ́ ọmọ. Kì í mutí, kì í búra, Bridget nìkan ṣoṣo sì ni ìyàwó ẹ̀.

Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀.

Ó ní, "Ṣẹ̀rífù, mo fẹ́ bá àwọn Alátà sọ̀rọ̀ ní Aboabo." Alátà ni àwọn Àṣáńtì ń pe àwa Yorùbá. "Àwọn àgbà wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Twi. Mo fẹ́ kí o wá bá mi túmọ̀."

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ bá wọn sọ, Tíṣà?"

"Ọ̀rọ̀ ilé ìwé. Kò sí ilé ìwé gidi kan nítòsí wọn. Bí mo bá wọlé, ohun tí màá kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn."

Ara mi bù máṣọ. Ẹ gbọ́ ìdí ẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, bàbá mi mú mi lọ sí ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, tíṣà ibẹ̀ ní Ṣẹ̀rífù le lẹ́nu òun, ó kọ Stephen sínú ìwé. Èmi ọmọdé, inú mi dùn. Mo délé, mo ní kí gbogbo ilé máa pè mí ní Stephen. Bàbá mi kò nà mí. Ó kàn gba síléètì lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí àjà, ìwé kíkà mi sì parí síbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí onígbàgbọ́ bá dárúkọ ilé ìwé, Stephen ni èmi máa ń gbọ́.

Mo bi í pé, "Orúkọ àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ó ní, "Orúkọ tí bàbá wọn bá sọ wọ́n náà ni. Ṣẹ̀rífù, Jésù tí mò ń sìn ló ní ohun tí mo bá fẹ́ kí èèyàn ṣe sí mi ni kí èmi náà máa ṣe sí èèyàn. Bí ẹnìkan bá mú ọmọ mi Kwaku, tó sọ ọ́ di Bákàrè láìbi mí, ṣé inú mi á dùn? Mo tiẹ̀ fẹ́ kí Alfa máa wá kọ́ wọn ní kéwú fún wákàtí kan lójúmọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dára. Dídára ẹ̀ gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ta ló máa ń fi ìjẹ burúkú pẹja? Ọkùnrin tí kò lè mu omi láìkọ́kọ́ dijú gbàdúrà, òun ló fẹ́ fún Alfa ní wákàtí kan? Mo wo Bíbélì tó fi há abíyá, gbogbo etí ẹ̀ ti gbó. Mo gbà pé ìwé tí èèyàn kà tó bẹ́ẹ̀ á máa darí ẹ̀. Ibi tó ń darí ẹ̀ lọ ni mi ò fọkàn tán.

Ṣùgbọ́n mo ní, "Màá wá, Tíṣà."

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé la ṣe ìpàdé náà, níwájú mọ́ṣáláṣí àwọn Yorùbá ní Aboabo. Alfa Sànúsí tó jẹ́ olórí wa jókòó sórí awọ àgùntàn ẹ̀. Jímọ̀h, ọkọ àbúrò mi Sàbírátù, jókòó sí iwájú. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ra, Twi tó gbọ́ kò sì ju ti ọjà lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ Twi wà lẹ́yìn, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń pariwo.

Tíṣà sọ̀rọ̀ dáadáa, èmi náà túmọ̀ dáadáa. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ omi. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ gọ́tà. Nígbà tí mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ ilé ìwé, àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn.

Alfa Sànúsí fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní, "Bi í fún wa. Kí la ṣe fún un tó fi fẹ́ràn wa tó báyìí? Ṣebí Ìgbàgbọ́ lòun, Mùsùlùmí làwa."

Mo bi í. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní, "Mewɔ mo mu gyidie."

Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí. Ohun tí ọkùnrin náà sọ ni pé òun fọkàn tán wa. Èyí ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n gyidie yìí kan náà ni àwọn Àṣáńtì ń pe ìgbàgbọ́ tí èèyàn ní sí Ọlọ́run. Ẹ sì mọ̀ pé láàárín àwa Mùsùlùmí, bí a bá ti pe Ìgbàgbọ́, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì là ń wí. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà lẹ́nu mi. Mo rí méjèèjì kedere. Mo gbé àkọ́kọ́ mì, mo sì mú èkejì.

Mo ní, "Ó ní òun ní Ìgbàgbọ́ nínú yín."

Alfa Sànúsí na ọrùn síwájú.

Alfa ní, "Ó ní kí ni?"

"Ó ní òun ní Ìgbàgbọ́ nínú yín."

"Nínú àwa tá a jókòó yìí?"

"Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, Alfa."

Ẹnìkan dìde. "Àwọn wo?" Ẹlòmíràn ti ń wo ẹni tó jókòó tì í láti òkè délẹ̀. Tíṣà bi mí ní Twi pé kí ni wọ́n ń sọ. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti wọ̀ wọ́n lára. Inú ẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí àwọn èèyàn. Ìyẹn tún wá burú jù, torí ẹni tó bá ti juwọ́ sí, àwọn tó kù á sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Àní àwọn tó gbọ́ Twi kò rí mi mú. Gyidie, ìgbàgbọ́ náà ni. Ẹ lọ bi ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Tíṣà lọ tán, Alfa Sànúsí pè mí. Ó ní kí n kúrò nídìí bàtà tí mo máa ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, kí n wá jókòó ti òun. Ó ní, "Ṣẹ̀rífù, Ọlọ́run ló fi ẹ́ sáàárín wa. À bá dìbò fún ẹni tó ti ń jí wa kó lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyẹn dùn mọ́ mi ju oyin lọ. Ẹni tí kò sí ẹni tó máa ń bi léèrè ohunkóhun, àfi bóyá ṣòkòtò ti ṣe tán, òun ni àwọn àgbà ń sún fún. Mo ní màá tún ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ́la. Ọ̀la dé, wọ́n pè mí síbi ìkómọ, wọ́n fi mí sí iwájú. Mo ní ó di ọ̀tunla.

Aboabo kò rójú mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye èèyàn tó wá kírun àsùbáà. Bàbá kan fá irùngbọ̀n nítorí làpálàpá, wọ́n ní ẹ ò rí i, ó ti ń múra àtiwọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbọ́ tí ọkùnrin kan ń súfèé, wọ́n ní orin ìyìn ni. Èèyàn á kí aládùúgbò ẹ̀ ní àsàlámù àléékù, á wá dúró gbọ́ bóyá ìdáhùn náà á pé.

Wọ́n á wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Ṣẹ̀rífù, ṣé ó dárúkọ wọn fún ẹ?"

Màá mi orí. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ bá mi wo ìwà àgàbàgebè.

Lọ́jọ́ Ajé, Sàbírátù wá bá mi. Èmi àti ẹ̀ la jọ jẹ́ ọmọ ìyá, òun ló tẹ̀ lé mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí. Bí Jímọ̀h bá mọ̀ pé mò ń lọ sọ́dọ̀ Bridget ńkọ́?"

Èmi nìkan ni mo mọ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún tó ṣáájú, Sàbírátù ṣèèṣì fún ọmọ ẹ̀ ní oògùn ìpara mu, ó rò pé oògùn ikọ́ ni, torí ìgò méjèèjì jọra, kò sì lè ka ohun tó wà lára wọn. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà. Láti ìgbà náà ló ti ń lọ sọ́dọ̀ Bridget ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, níbi tí ìyàwó Tíṣà ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní ìwé kíkà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ní kó máa lọ. Èmi náà ni mo ní kó má sọ fún ọkọ ẹ̀.

Mo ní, "Ta ló máa sọ fún un? Ṣá má lọ lọ́sẹ̀ yìí."

Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé lóòótọ́ ni Tíṣà sọ bẹ́ẹ̀? Torí nínú gbogbo àwa tí à ń lọ síbẹ̀, kò sí ẹni tí wọ́n bi léèrè ẹ̀sìn rí."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ohun tó sọ ni mo túmọ̀." Àwọn àgbà ní bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Èmi ti sọ tèmi, mo sì ń wo àbúrò mi bó ṣe ń rìn bọ̀ lábẹ́ ẹ̀.

Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, wọ́n sáré wá pè mí. Nígbà tí mo dé àgbàlá Jímọ̀h, èèyàn ti kún ibẹ̀. Jímọ̀h dúró láàárín, ó di páálí kékeré kan mú. Ojú ẹ̀ ti pọ́n. Sàbírátù wà níwájú ẹ̀, ó ṣẹ́ṣẹ̀ ń fọṣọ ni, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ títí dé ìgúnpá.

Jímọ̀h na páálí náà sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo ohun tí mo bá nínú àpótí ìyàwó mi!"

Káàdì ni, irú èyí tí wọ́n máa ń fún àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwòrán ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó gbé ọ̀dọ́ àgùntàn sọ́rùn wà lára ẹ̀. Mo yí i padà. Ní ẹ̀yìn, ẹnìkan ti fi pẹ́ńsù kọ "Sabiratu" lẹ́ẹ̀kan dáadáa, ọwọ́ mìíràn tó ń gbọ̀n sì ti kọ ọ́ tẹ̀ lé e nígbà mẹ́wàá. Bridget kò ní ìwé mìíràn tó lè fún wọn ni. Ẹ̀yìn káàdì náà ló ń lò.

Sàbírátù ní, "Orúkọ mi ni mò ń kọ́ kọ! Orúkọ tí bàbá mi sọ mí! Ẹ̀gbọ́n mi, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi sọ fún un. Ẹ mọ̀ nípa ẹ̀."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

Bí mo bá ní mo mọ̀, wọ́n á ní èmi náà wà nínú wọn. Bí mo bá sọ ohun tí gyidie jẹ́, wọ́n á lé mi kúrò nídìí awọ àgùntàn. Mo ní, "Ẹ ṣe sùúrù. Jímọ̀h, ṣe sùúrù." Bí ẹni tó ń kọjá lọ ni mo ṣe sọ ọ́.

Jímọ̀h pariwo. "Sùúrù kí ni? Ọkùnrin yẹn sọ ọ́ lójú gbogbo wa! Ó ní òun ní Ìgbàgbọ́ nínú wa! Èmi ń bú àwọn ẹlòmíràn, àṣé ìyàwó mi ni! Sàbírátù, mo kọ̀ ẹ́!"

Àwọn obìnrin fọwọ́ bonu. Jímọ̀h mí kanlẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, ààyè wà níbẹ̀. Ẹnìkan lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

"Mo kọ̀ ẹ́!"

Sàbírátù kò wo ọkọ ẹ̀ mọ́. Èmi ló ń wò. Mo yí káàdì náà padà sí ojú àwòrán, mo tẹjú mọ́ ọn. Mi ò la ẹnu.

"Mo kọ̀ ẹ́!"

Ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Nínú ẹ̀sìn wa, ọkọ tó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò lè gba ìyàwó ẹ̀ padà mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí a kírun tán, Tíṣà Dwomoh wọ Aboabo fúnra ẹ̀. Akua ló mú un wá, obìnrin Àṣáńtì tó ń ta ohun èlò ìdáná ní Dichemso. Láàárín àwọn Yorùbá ni Akua dàgbà sí, ó gbọ́ èdè wa ju àwọn ọmọ wa mìíràn lọ. Ó ti gbọ́ bí àwọn obìnrin ṣe ń ṣépè fún Tíṣà, ó sì ti lọ bi í ohun tó sọ gan-an.

Alfa Sànúsí ní, "Ṣẹ̀rífù, dìde, kí o túmọ̀."

Akua na ọwọ́. Ó fi Yorùbá ní, "Rárá, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó jókòó. Jímọ̀h ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Jímọ̀h, lóṣù tó kọjá, mo lọ síbi òkú ní Mampong, mo fi kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ. Nínú ìkánjú, Twi ló bọ́ lẹ́nu mi, mo ní, 'Mewɔ wo mu gyidie.' Ta ló túmọ̀ ẹ̀ fún ẹ?"

Jímọ̀h ní, "Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ̀rífù ni."

"Kí ló ní mo sọ?"

"Ó ní ẹ ní ẹ fọkàn tán mi."

"Ṣé kò sọ pé mo ní Ìgbàgbọ́ nínú ẹ?"

Akua yíjú sí àwọn àgbà. "Ohun kan náà tí Tíṣà sọ fún yín nìyẹn. Wo fún ẹnìkan, mo fún ọ̀pọ̀, ìyàtọ̀ wọn ò ju ìyẹn lọ."

Mi ò mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe gbé mi dìde. Mo ní, "Mi ò purọ́, Alfa. Gyidie, ìgbàgbọ́ náà ni."

Alfa Sànúsí ní, "Mi ò bi ẹ́ bóyá o purọ́. Ọ̀rọ̀ méjì lo ní, o sì mọ èyí tó ń wí. Kí ló dé tó o mú èkejì?"

Mo sọ. Mo sọ ti Stephen, mo sọ ti síléètì, mo sọ pé mo fura sí Tíṣà torí pé Jésù kò kúrò lẹ́nu ẹ̀. Mo sọ pé àbúrò mi ń kọ́ ìwé, pé èmi ni mo rán an. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí.

Alfa ní, "Tún gbogbo ẹ̀ sọ fún Tíṣà ní Twi. Ohun tó bá fi dáhùn, ìwọ náà ni kó o túmọ̀ ẹ̀ fún wa. Akua á máa gbọ́."

Mo sọ ọ́. Tíṣà gbọ́ tán, kò bínú, ìyẹn ló tún dùn mí jù. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo sì túmọ̀ ẹ̀ bí mo ti ń sunkún.

"Ó ní òun dárí jì mí, torí Jésù tí òun ń sìn kò fún òun láyè láti má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n kọ̀ yẹn, òun kò lè bá a dárí jini."

Jímọ̀h ti dọ̀bálẹ̀ níwájú Alfa. "Ẹ dákun, Alfa, inú ló bí mi. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó mi padà wálé."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó lo kọ̀ ọ́?"

Jímọ̀h ṣì wà nílẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Mo mọ ohun tó ń bẹ̀ mí. Ẹ̀ẹ̀mejì. Bí mo bá lè sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni, wọ́n á padà. Mo wo Sàbírátù tó dúró láàárín àwọn obìnrin lẹ́nu ọ̀nà. Òun náà ń wò mí.

Alfa ní, "Ṣẹ̀rífù, o wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

Iwájú mọ́ṣáláṣí ni, èèyàn tó lé ní ogún ló sì gbọ́ ọ lọ́jọ́rú náà. Ọjọ́ kan ṣoṣo láyé mi tó wù mí kí n purọ́, kò sí bí mo ṣe lè pa á.

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, Alfa."

Jímọ̀h fi orí balẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, ó ń ké bí ọmọdé.

Ọ̀pọ̀ ti pinnu kí òtítọ́ tó dé, Tíṣà kò sì wọlé. Ẹni tó wọlé kò dárúkọ ilé ìwé fún wa rí. Èmi padà sídìí bàtà lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí Àṣáńtì tàbí Yorùbá tó tún pè mí kí n wá túmọ̀ nǹkan kan.

Sàbírátù kó padà sí ilé bàbá wa, ó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Kò bá mi jà. Láràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí mi, ó sì ń bu oúnjẹ fún mi. Àmọ́ láti ọjọ́ Ẹtì náà, kò fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Twi ni. Ó ń fi Yorùbá bá àwọn ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀, bí ó bá ti yíjú sí mi báyìí, ó di Twi.

Ọdún kan kọjá kí n tó lè bi í pé kí ló dé. Ó dá mi lóhùn, ó sì ń ṣa ìrẹsì ẹ̀ lọ. Mo túmọ̀ ẹ̀ fún yín bó ṣe sọ ọ́, mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ kan lèèyàn ń sọ, méjì lẹ ń rí mú nínú Yorùbá. Yorùbá yẹn, ẹ ti gbọ́ ọ jù fún mi."